Pósítà Kejìlélógójì

Ilé Ọláwọlé, Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìn-ín-ní, 2024.

Ọkọ mi,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárò ilé. Bí ẹ bá ń béèrè wa, a wà. Ẹ má bínú pé mi ò lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Gbogbo ilé ló dúró yí mi ká. Bọ̀ọ̀dá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, di fóònù mú síwájú mi bí ẹni tó fẹ́ fún ọmọ ní oògùn, ohùn mi bá sá wọlé lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe èyí tí ẹ̀gbọ́n ọkọ lè máa gbọ́. Inú ìwé ni mo ti láyà. Àǹtí Bọ́látitó, akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá òkè lọ́dọ̀ wa, ti gbà láti máa ya àwòrán lẹ́tà mi ránṣẹ́ sí yín. Òun náà ni yóò máa bá mi tẹ èsì yín jáde ní Mayfair níbí.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́. Àárọ̀ Sátidé ni mo ń jáde, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó fẹ́ dirun. Mo ń ti Ìlódè gba Ìrẹ̀mọ títí dé Mayfair. Pósítà òkú tí wọ́n bá fi Yorùbá kọ, mo dúró níwájú rẹ̀, mo dà á kọ sínú ìwé. Mo ti rí mẹ́rìnlá. Àwọn èèyàn ń wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Ìyá kan ní Ìrẹ̀mọ bi mí bóyá èmi ni ọmọ olóògbé. Mo ní rárá. Ó ní, "Kí lo wá ń sunkún sí?" Mi ò mọ̀ pé mo ń sunkún.

Màmá ní irú iṣẹ́ wo lèyí, ṣé òyìnbó ò lókùú tiwọn ni. Màmá ní kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra, kí ẹ má fi òtútù ṣe fáàrí. Màmá ní kò yé òun bí ẹ ṣe ní ẹ ń jẹun tí ọrùn yín fi rí bíi ti adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu níyẹ̀ẹ́. Màmá ní kí ẹ pe òun.

Ẹ bá mi ṣàlàyé iṣẹ́ yìí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ sì mọ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ara ògiri Ìlódè ṣe níbẹ̀ yẹn?

Èmi ìyàwó yín,
Mojíre.


Leeds.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìn-ín-ní, 2024.

Mojíre mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ nínú bọ́ọ̀sì, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀. Inú òtútù ni mo ti rìn padà, mò ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ adìẹ yẹn.

Orúkọ iṣẹ́ náà ni àtúpalẹ̀ àkóónú ọ̀rọ̀. Má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà ọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ti kọ sílẹ̀, tí wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, la máa ń kó jọ. A ó pín in sí àpótí àpótí. A ó ka ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó wá bi ara wa léèrè: kí ló dé tí èyí fi pọ̀ tó báyìí? Kí ló dé tí tọ̀hún ò sí rárá? Kò sí iṣẹ́ tí kò wúlò fún. Nọ́ọ̀sì kan wà ní kíláàsì wa tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì àwọn aláìsàn, ó fẹ́ mọ iye ìgbà tí wọ́n kọ "ìrora" sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe nǹkan sí i. Ẹnì kan ń ka ìwé ìròyìn. Tíṣà kan ń ka ìwé àwọn ọmọdé, ó ń ṣírò iye ìgbà tí ìyá wà nídìí ààrò àti iye ìgbà tí bàbá wà níbẹ̀. Títí di àná, bàbá ò tíì débẹ̀. Èmi ni wọ́n ń pè ní olókùú.

Mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Àpótí márùn-ún ló wà níbẹ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fún ikú, ìwà tí wọ́n ní olóògbé hù, àti àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Òfin méjì ni mo bẹ̀ ọ́ kí o pa mọ́. Kí o tó ka pósítà kan, kọ́kọ́ kọ nọ́mbà rẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kà á yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á, yóò mú èyí tó wù ú, yóò fi èyí tó bà á nínú jẹ́ sílẹ̀. Èkejì, má yọ ọ̀kankan kúrò. Bí a bá ti yọ ẹyọ kan, ohun tí a fẹ́ ló kù lọ́wọ́ wa, kì í ṣe ohun tó wà.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ rò. O kọ̀wé nípa òkú mẹ́rìnlá, o ò kọ ìlà kan nípa ara rẹ. Ṣé oṣù mẹ́rin tí a jọ gbé lẹ́yìn ìgbéyàwó kò tó kí o má tijú mi mọ́?

Fọláránmi rẹ.


Ìlódè.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, 2024.

Ọkọ mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n báyìí. Mo ń kọ nọ́mbà kí n tó gbójú sókè, bí ẹ ṣe wí. Mo ti ka àpótí ikú lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́tàlá "sùn nínú Olúwa." Mẹ́jọ "dáhùn ìpè Ọlọ́hun." Méje "pa ipò dà." Márùn-ún "fi ilẹ̀ bora." Ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀, nítorí nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnì kan tó kú.

Mo ka àpótí ìwà sétí Màmá bí mo ṣe ń tú irun rẹ̀. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n pè ní oníwà jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo dé orí orúkọ ìyá kan, Màmá ní, "Ta ni jẹ́jẹ́? Obìnrin tó fi ọmọ odó lé mi dé ẹnu ọ̀nà bàbá mi?" Màmá ní kí ẹ fi àpótí kan kún fọ́ọ̀mù yín, kí ẹ kọ "Irọ́" sórí rẹ̀, ibẹ̀ ló máa tètè kún jù. Màmá ní bí ọjọ́ tòun bá dé, ẹni tó bá kọ "jẹ́jẹ́" sára ògiri fún òun, òun á padà wá fa ìwé náà ya. A rẹ́rìn-ín títí ó fi ní orí ń fọ́ òun. Ó pẹ́ díẹ̀ tí orí náà ti ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Màmá ní ẹ ti jẹ òun ní ọjọ́ Àìkú méjì. Màmá ní bí ẹ bá máa pè, kí ẹ lo èyí tí a fi ń rí ojú ara wa, kí òun ní kí n di ṣùkú fún òun, kí ẹ lè rí i pé ìyàwó yín ò fi ìyá yín sílẹ̀ ní wúruwùru.

Ẹ ní kí n kọ nípa ara mi. Mo ń dirun orí méjì lóòjọ́, mẹ́ta bí ọjọ́ bá dára. Ìrọ̀rí yín ni mo ń lò. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ti àwọn àgbà, kí n lè dé ibi tí mo ti fi sílẹ̀, kí n sì kọjá rẹ̀. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Mojíre yín.


Leeds.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, 2024.

Mojíre mi,

Mi ò rẹ́rìn-ín. Lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́la. Ohun tí o rí nínú àpótí ikú yẹn, olùkọ́ mi ní kí n fi bẹ̀rẹ̀ orí kẹrin ìwé mi. Mo sọ fún un pé ìyàwó mi ló rí i. Mo sì ti fi àpótí Irọ́ kún fọ́ọ̀mù.

Bá mi bẹ Màmá. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni kì í jẹ́ kí ọjọ́ Àìkú jẹ́ tèmi. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń gé èékánná wọn. Pásípọ́ọ̀tù mi wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún ìwé àṣẹ ìgbélùú mi ṣe, bí mo bá sì kúrò nílùú yìí kí wọ́n tó dá a padà, mi ò ní lè wọlé mọ́, ẹ̀kọ́ náà á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú kẹwàá oṣù yìí ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún àwọn ìyá níbí. Màá pè ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yín. Sọ fún Màmá kó di ṣùkú.

Fọláránmi rẹ.


Ìlódè.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta, 2024.
(Mi ò ní fi èyí ránṣẹ́.)

Ọkọ mi,

Màmá kú. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé kò sí ibòmíràn tí mo lè kọ ọ́ sí. Kò sùn, kò pa ipò dà. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá, ó ń ṣa ìrẹsì, ó ní, "Mojíre, orí mi," àtẹ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a tó rí ọkọ̀ tó máa gbé e, ó ti tán. Gbogbo ìrẹsì yẹn, ọjọ́ kejì ni mo tó gbá a.

Bọ̀ọ̀dá Àgbà kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u fún yín. Ó ní tí ẹ bá gbọ́, ẹ máa wálé, tí ẹ bá sì wálé, ẹ ò ní lè padà, ohun tí Màmá ti ń gbàdúrà fún láti ọdún mẹ́ta á sì bàjẹ́. Ó ní a ó sọ fún yín nígbà tí ẹ bá parí ìwé. Ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ tí o máa ń kọ lẹ́tà, ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́, sà. Ìyàwó kékeré ni mí, kí ni mo fẹ́ sọ? Ó gba fóònù gbogbo àwọn ọmọ ilé, ó ní kí wọ́n má gbé ìròyìn náà síbì kankan. Ó rántí fóònù, kò rántí ògiri.

Àárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo jáde bí ìṣe mi. Mo rò pé bí mo bá ń rìn, ara á fúyẹ́. Mo dé ibi ògiri tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìrẹ̀mọ, mo rí i pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ ọ̀kan mọ́ ọn, àtè rẹ̀ ò tíì gbẹ. Mo kọ nọ́mbà: 42. Mo gbójú sókè. Màmá ló ń wò mí.

Mo gbìyànjú láti fi nọ́mbà yẹn fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ mi ò gbé e. Mi ò lè kó òkú ẹlòmíràn sí àyè Màmá. Mo fi ojú ìwé náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo lọ sórí 43.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn ni mi ò fẹ́ kọ. Láti aago méjì ló ti wọ búláòsì funfun, ó di ṣùkú, ó gbé fóònù Bọ̀ọ̀dá Àgbà lé itan. Aago mẹ́rin lọ. Aago márùn-ún lọ. Bọ̀ọ̀dá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Màmá ní kó fi yín sílẹ̀. Ó ní, "Ó ń wẹ̀ fún ìyá ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni. Ṣé kó fi í sílẹ̀ nínú omi?" Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú ló tó dá fóònù padà. Àná ni a sin ín. Wọ́n ní kí n wá dirun fún un, mo ní irun rẹ̀ ti wà ní dídì. Ṣùkú tó fi ń dúró dè yín ni ó gbé lọ.

Mojíre.


Ìlódè.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta, 2024.

Ọkọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. A wà dáadáa. Màmá kí yín. Ó wà nínú yàrá, ó ń sinmi.

Mo fi pósítà kẹrìnlélọ́gbọ̀n dé ìkọkàndínláàádọ́ta ránṣẹ́. Mo ti forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Màmá kí yín.

Mojíre yín.


Leeds.
Ọjọ́ keje, oṣù kẹrin, 2024.

Mojíre,

Ṣé àlàáfíà ni? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wo lẹ́tà rẹ kí n tó lè fèsì.

Mo mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo ní màá pè lọ́jọ́ kẹwàá, mi ò pè. Ẹni tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ò wá, mi ò sì lè fi àwọn arúgbó mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé Màmá ń bínú sí mi ni? Láti ìgbà náà, mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Adébíyìí, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní Màmá ti lọ sí Ìbàdàn. Ìwọ ní ó wà nínú yàrá. Bí ó bá ń bínú, jẹ́ kó bú mi, ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì. Mo rí kọkànlélógójì, mo rí kẹtàlélógójì. Níbo ni kejìlélógójì wà? Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ ọ́ fún nìyí. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n máa fi dá mi lẹ́jọ́ níbí, mo sì ti sọ fún olùkọ́ mi pé ìyàwó mi kì í fo nǹkan kan. Bí ó bá ti sú ọ, sọ fún mi, màá wá ẹlòmíràn.

Fọláránmi.


Ìlódè.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin, 2024.

Ọkọ mi,

Ẹ dákun, ẹ má bínú. Kò sú mi. Òjò ló pa ìwé tí mo kọ kejìlélógójì sí, gbogbo rẹ̀ sì ti parẹ́. Ẹ̀bi mi ni.

Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn, Bọ̀ọ̀dá Àgbà ló mọ̀ ọ́n. Màmá kí yín.

Mi ò fẹ́ kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Mojíre yín.


Leeds.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún, 2024.

Mojíre mi,

Forí jì mí fún lẹ́tà tó kọjá.

Ọjọ́ Sátidé ni mo jókòó, mo tẹ́ àwọn lẹ́tà rẹ sórí ibùsùn, mo ṣe wọ́n bí mo ṣe ń ṣe àwọn pósítà. Mo la àpótí kan fún ibi tí o ti kọ "Màmá ní." Nínú lẹ́tà oṣù kìn-ín-ní, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nínú ti oṣù kejì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Nínú ti oṣù kẹta, kò sí. Nínú ti oṣù kẹrin, kò sí. "Màmá kí yín" nìkan ló kù. Màmá tí mo mọ̀ kò kí mi bẹ́ẹ̀ rí láyé, láìfi èébú kan kún un.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bínú ni. Àṣìṣe tí wọ́n ń kìlọ̀ fún wa nìyẹn, kí èèyàn rí àpótí òfìfo, kó sì fi ohun tó ń bà á lẹ́rù kún un. Bí Màmá bá ń bínú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á gba ojú ìwé mẹ́ta.

Òjò ò pa ìwé kankan. Bí omi bá wọ inú ìwé, á ba tiwájú jẹ́, á ba tẹ̀yìn jẹ́. Kọkànlélógójì mọ́ tónítóní. Kẹtàlélógójì mọ́ tónítóní.

Mo ti mọ̀, Mojíre. Mi ò ní wálé, mi ò ní ba ohun tó gbàdúrà fún jẹ́. Sọ fún Bọ̀ọ̀dá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fi kejìlélógójì ránṣẹ́. Kún gbogbo àpótí rẹ̀. Má yọ nǹkan kan.

Fọláránmi rẹ.


Ìlódè.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún, 2024.

Ọkọ mi,

Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú àráfẹ́rakù. Ẹ kú ẹ̀yìn ìyá yín. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń gbé ìkíni yìí kiri.

Mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá Àgbà kí n tó jókòó kọ èyí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo gbójú sókè wò ó. Mo ní, "Wọ́n ti mọ̀, sà." Ó ní, "Ta ló sọ fún un?" Mo ní kò sẹ́ni tó sọ, wọ́n kà á ni. Ó wá ní, "Ṣé ó sunkún?" Mo ní mi ò mọ̀, pé lẹ́tà kì í fi ìyẹn hàn. Ó kọjú sí ògiri. Ó ní òun ò tíì sunkún, òun ń dúró dè yín ni.

Lẹ́tà tí mi ò fi ránṣẹ́ wà nínú èyí. Mo fẹ́ fa igi lé ibi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, mo tilẹ̀ ti mú bírò. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má yọ nǹkan kan. Ẹ kà á dé ìparí, ibi tó ti rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀.

Mo padà lọ sí ògiri náà lánàá. Òjò ti wẹ ojú rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ṣì ṣeé kà. Fọ́ọ̀mù náà nìyí.

Nọ́mbà: 42.

Orúkọ: Màmá Abígéèlì Ọláwọlé.

Ọjọ́ orí: ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fún ikú: "pa ipò dà." Èmi kọ "kú" sínú lẹ́tà mi. Mi ò mọ̀ bóyá fọ́ọ̀mù gba méjì.

Ìwà: oníwà jẹ́jẹ́. Bọ̀ọ̀dá Àgbà ló kọ ọ́. Mi ò sọ ohun tí Màmá wí fún un. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, apá òkè pósítà náà ya, ó ya gba orí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Atẹ́gùn ni.

Àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀: Adébíyìí, Fọláránmi, Mojíre, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹbí. Mi ò rí orúkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín lára nǹkan kan rí, àfi níbẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ìyẹn náà wà lára ohun tí mi ò lè kọ nígbà yẹn.

Irọ́: lára ògiri, ẹyọ kan, "jẹ́jẹ́." Nínú lẹ́tà èmi, ẹ̀ẹ̀mẹta, "Màmá kí yín." Ẹ kà á mọ́ ọn.

Èmi ni, bó ṣe wà lára ògiri,
Mojíre Ọláwọlé.